Àpò yanrìn, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, àbí férémù irin? Ìfiwéra ohun tí a lè gbé ìbọn ọdẹ lé láti tọ́ ojú rẹ̀

Ẹni tó bá so awò tuntun mọ́ ìbọn, tàbí tó pààrọ̀ irú ọta tó ń lò, iṣẹ́ kan ló wà níwájú rẹ̀: kí ibi tí àgbélébùú inú awò ń tọ́ka sí àti ibi tí ọta ń bà di ọ̀kan náà. Nídìí iṣẹ́ yìí, ẹnu ìbọn nìkan la fẹ́ gbọ́. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí èémí ń gbé èjìká sókè sódò, ọ̀rọ̀ ìbọn á dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni tó ń yìn ín, a ò sì ní mọ èyí tó yẹ ká tún ṣe nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gbé e lé nǹkan.

Ohun méjì ni mo fi ń wọn ìgbébọnlé èyíkéyìí. Ṣé ìbọn dúró jẹ́ẹ́ lórí rẹ̀ títí tírígà á fi jábọ́? Nígbà tí ọta bá sì jáde, ṣé ìbọn ráyè sún sẹ́yìn, àti pé ṣé bó ṣe sún lẹ́ẹ̀kínní náà ló máa sún lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta? Àwọn tó ń tà á máa ń pariwo èkíní gan-an. Wọn kì í fẹ́ dá èkejì sọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nǹkan olówó gọbọi ti ń já èèyàn kulẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ro ti ẹ̀yìn

Ká ní ibi tí igi iwájú ìbọn jókòó lé àti ibi tí ìdí rẹ̀ jókòó lé fi sẹ̀ǹtímítà 50 jìnnà síra. Bí ìdí ìbọn bá yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, ọta á ti fi sẹ̀ǹtímítà 20 ṣìnà kó tó dé àmì tó wà ní mítà 100. Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ awò. Lára ọ̀pọ̀ awò ìbọn ọdẹ, kílíìkì kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ kan nígbà tí a bá ń yí awò, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin MOA (ìwọ̀n igun kékeré kan), èyí tó jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 7 ní mítà 100. Mìlímítà kan ṣoṣo tí ìdí ìbọn fi yẹ̀ ti fa kílíìkì bíi 27 dànù.

Lóòótọ́, bí iwájú bá yẹ̀ ní mìlímítà 1, bákan náà ni àdánù rẹ̀ ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n iwájú kì í sábà yẹ̀. Ó ti jókòó sórí nǹkan tó wúwo. Ẹ̀yìn ni èjìká wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ tó ń fa tírígà dì mú, ibẹ̀ náà ni ọkàn tó ń lù kìkì ti ń mi àgbélébùú. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ná owó wọn: wọ́n á ra irin tó ń dán fún iwájú, wọ́n á wá fi ìkúùkù ọwọ́ òsì gbé ẹ̀yìn, tàbí ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ká. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà, ẹ ra àpò ẹ̀yìn tó dáa. Ohun tó bá wà nílé tó wúwo tó sì rọ̀ lè gbé iwájú.

Àpò ẹ̀yìn tí mo fẹ́ràn ni elétí ehoro, èyí tó ní etí méjì tó dúró gan-an, tí ìdí ìbọn ń wọ àárín wọn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn kò ní ohun tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ń wá níwájú mọ́. Ọwọ́ òsì á padà sábẹ́ ìdí ìbọn, á di àpò náà mú. Bó bá fún un díẹ̀, ìdí ìbọn á gòkè, àgbélébùú á sọ̀ kalẹ̀ lójú àmì. Bó bá dẹwọ́, àgbélébùú á tún gòkè. Ọwọ́ yìí nìkan ló ń ṣe àtúnṣe ìkẹyìn, èjìká ò ní í tì, ọrùn ò ní í le. Àpò pẹlẹbẹ tí kò ní etí náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ìbọn tẹ̀ sápá kan, ẹni tí kò bá sì fara balẹ̀ wo àgbélébùú kò ní mọ̀ pé ó ti tẹ̀.

Àpò yanrìn àti ẹlẹ́sẹ̀ irin iwájú

Ní ti iwájú, àwọn méjì yìí ni wọ́n sábà ń fi wé ara wọn lórí tábìlì. Àpò yanrìn ò ní ìtàn kankan: awọ tàbí aṣọ tó nípọn, yanrìn gbígbẹ nínú rẹ̀, ó parí. Ẹlẹ́sẹ̀ irin ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ní síkúrù tó ń gbé e sókè sódò, àwọn mìíràn sì ní èyí tó ń sún un sọ́tùn-ún sósì, pẹ̀lú àpò kékeré lórí tí igi iwájú ń sùn sí.

Irin yára. Ẹ yí síkúrù, àgbélébùú á lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, kò ní í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí àpò yanrìn, ẹ máa gbá a, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ máa fi ìwé tàbí pákó sábẹ́ rẹ̀ kí gíga rẹ̀ tó bá àmì mu, lẹ́yìn yíyìn díẹ̀ á sì ti tẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń dán oríṣiríṣi ọta wò láti àárọ̀ dalẹ́ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ irin.

Ṣùgbọ́n igi iwájú ìbọn ọdẹ tín-ín-rín, ó sì rí róbótó nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ irin wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe fún ìbọn ìdíje tí igi iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a bá gbé ìbọn ọdẹ lé àpò tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe lá máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ irin lẹ fẹ́, ẹ wo àpò orí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo síkúrù rẹ̀. Fún ẹni tó ń tọ́ ojú ìbọn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí ìgbà ọdẹ tó wọlé, àpò yanrìn méjì tí a gbé léra ti tó, mi ò sì rí ohun tí irin máa fi kún ihò tó wà lára páálí rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpò ṣe pàtàkì ju awọ rẹ̀ lọ. Yanrìn wúwo, ó sì ń dúró bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Yanrìn tútù á le bí òkúta, á sì jẹ aṣọ àpò. Ike wẹ́wẹ́ fúyẹ́, ó dáa fún ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ó máa ń ta pada lábẹ́ ìbọn. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti àgbàdo, àwọn kan ń lò ó nítorí ó wà nítòsí. Eku ló máa kọ́kọ́ rí i, kòkòrò á tẹ̀ lé e. Ẹ má kún àpò títí táá fi le gbagidi. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi ìkúùkù gbá àárín rẹ̀ di kòtò tí igi ìbọn á wọ̀. Bí ojú àpò bá ń di igi ìbọn mú tí kò jẹ́ kó yọ̀ sẹ́yìn, pọ́dà díẹ̀ ti tó.

Bó ti wù kí iwájú rí, igi iwájú ni kẹ́ ẹ gbé lé e, kì í ṣe ọ̀pá ìbọn tí ọta ń gbà kọjá. Ọ̀pá náà ń gbọ̀n nígbà tí ọta ń sáré nínú rẹ̀. Bó bá fara kan nǹkan, ọta á ya kúrò lọ́nà, lọ́pọ̀ ìgbà á lọ sókè. Ẹ wo ìkọ́ tí okùn ìbọn ń so mọ́ lábẹ́ igi iwájú pẹ̀lú. Bó bá wà níwájú àpò gẹ́ẹ́, nígbà tí ìbọn bá tàpá sẹ́yìn, ìkọ́ yẹn á gbá àpò, ihò kan á sì jìnnà sí méjì yòókù láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ gbé àpò síbi tí ìkọ́ kò ti ní í bá a.

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó so mọ́ ìbọn

Ohun tó dáa lára rẹ̀ ni pé ó máa bá yín lọ sínú igbó. Ohun tẹ́ ẹ fi tọ́ ojú ìbọn náà lẹ máa fi yìn ín, ìyàtọ̀ díẹ̀ ló sì máa wà láàárín ilé àti oko. Fún ẹni tó sábà ń dọ̀bálẹ̀ yìnbọn ní gbangba, mi ò rò pé ó yẹ kó wá nǹkan mìíràn ju ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti àpò ẹ̀yìn lọ. Irú èyí tó kúrú tí ilé iṣẹ́ Harris ń ṣe, tó ń ga láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 dé 23, bá tábìlì àti ìdọ̀bálẹ̀ mu. Àwọn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ wà fún ìjókòó, wọ́n sì máa ń mì lórí tábìlì.

Ìṣòro rẹ̀ ni ilẹ̀ tó le. Lórí kọnkéré tàbí pákó, ẹsẹ̀ méjèèjì á fò sókè bí ọta bá ti ń jáde, ìfò yẹn ò sì ní í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àpò yanrìn ń gbé ìpá náà, ìyẹn títa tí ìbọn ń ta sẹ́yìn, mì. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń dá a padà fún ìbọn. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi èjìká tì í síwájú díẹ̀, díẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa fi tì í nígbà gbogbo.

Ibòmíràn tó ti ń dani láàmú ni igi ìbọn oníke tó fúyẹ́. Bí a bá gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lé ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a sì tì í síwájú, igi iwájú á tẹ̀, á lọ fara kan ọ̀pá. Ẹ mú abala ìwé tín-ín-rín kan, ẹ fi í sáàárín ọ̀pá àti igi iwájú, kẹ́ ẹ fà á láti ẹnu ìbọn wá sẹ́yìn nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣì wà lábẹ́ ẹrù. Bó bá há, ẹ yọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà, kẹ́ ẹ padà sórí àpò yanrìn. Igi ìbọn ló ní ẹ̀bi níbẹ̀, síbẹ̀ àpò ò ní í tú u fó.

Férémù irin, àti ìdí tí mo fi ń kìlọ̀

Èyí ló ń tà jù lójú. Lead Sled tí ilé iṣẹ́ Caldwell ń ṣe ni ọ̀pọ̀ mọ̀ nínú irú wọn. Férémù kan ṣoṣo ló gbé iwájú àti ẹ̀yìn, ìdí ìbọn wọ inú àpótí kékeré lẹ́yìn, síkúrù wà fún gíga, àyè sì wà nísàlẹ̀ tí a lè kó ẹrù sí, bí àpò ọta òjé tàbí àpò yanrìn. Ẹni tí kò yìnbọn rí lè jókòó sídìí rẹ̀ kí ihò mẹ́ta rẹ̀ ṣù jọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ náà sì pé. Ìbọn tó ń yin ọta .30-06, tó wúwo tó kílógíráàmù 3.5 pẹ̀lú awò rẹ̀ máa ń fi agbára bíi joule 27 ta èjìká. Bí a bá so kílógíráàmù 11 òjé mọ́ ọn, tí gbogbo rẹ̀ ń sún pọ̀, agbára yẹn á wálẹ̀ sí joule 6 tàbí 7. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé ẹ lè gbàgbé pé ìbọn ńlá lẹ dì mú. Fún ẹni tí èjìká ń dùn, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, fún ìbọn bíi .375 H&H tó ń ta èèyàn ju joule 45 lọ, mi ò ní í sọ pé kí wọ́n má lò ó.

Àmọ́ ibo ni ìpá yẹn gbà lọ? Èjìká èèyàn máa ń yẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fa ìpá náà gùn, ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Férémù tí a kó ẹrù lé kì í yẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi ìbọn nìkan ló kù láàárín irin méjì: ọ̀pá tó fẹ́ lọ sẹ́yìn, àti férémù tó kọ̀ jálẹ̀. Ọrùn igi náà, níbi tó tín-ín-rín lẹ́yìn tírígà, ló sábà ń kọ́kọ́ sán, pàápàá igi gidi. Òrùka tó di awò mú lè yọ̀, awò fúnra rẹ̀ á sì jẹ nínú ìyà náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ìbọn bá ń ta yín jù, ẹrù òjé tó kún férémù bámú ń wo èjìká sàn, ó sì ń ṣá igi ìbọn.

Ẹ̀sùn kejì tí mo fi kàn án ni pé ó ń purọ́ díẹ̀. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn kí ọta tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń sún lórí férémù lọ́nà kan, tó sì ń sún ní èjìká lọ́nà mìíràn, ọta méjèèjì lè má lọ síbì kan náà. Ìyàtọ̀ náà kì í pọ̀ lára ìbọn kékeré. Lára ìbọn tó fúyẹ́ tó sì ń tàpá gan-an, ó tó ohun tí ojú rí lórí páálí.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ férémù lẹ ní, ẹ lò ó láìsí ẹrù, tàbí pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ tó ṣì ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yọ̀ sẹ́yìn lórí tábìlì. Ẹ má sì so ó mọ́ tábìlì láé. Ẹ fi gba àwọn ọta àkọ́kọ́, nígbà tá a ṣì ń wá ihò kiri lórí páálí, kẹ́ ẹ wá parí iṣẹ́ lórí àpò.

Kí ẹ tó ra férémù nítorí ìpá nìkan, ẹ gbìyànjú àwọn nǹkan yìí: ẹ gbé àpò ga sí i kẹ́ ẹ lè jókòó gan-an dípò kẹ́ ẹ máa tẹ̀ mọ́ tábìlì, nítorí ara tó bá gbé ró máa ń yẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn, ẹ fi rọ́bà tó rọ̀ sí ìdí ìbọn, ẹ fi àpò yanrìn kékeré sáàárín ìdí ìbọn àti èjìká. Ẹ di etí dáadáa, kódà kẹ́ ẹ dì í ní ìlọ́po méjì. Ariwo ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa pajú kí tírígà tó jábọ́, wọ́n á sì máa dá èjìká lẹ́bi.

Àwọn tó kù

Férémù tí wọ́n ṣe fún fífọ ìbọn tó ní ẹnu tó ń fún igi ìbọn pọ̀: ẹ má yìnbọn lórí rẹ̀ rárá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ọ̀pá ọdẹ tí a ń gbé dúró: fún igbó, kì í ṣe fún títọ́ ojú ìbọn. Àpò tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn rìnrìn àjò sàn ju bó ṣe jọ lọ. Ẹ kó aṣọ sínú rẹ̀ kó le dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé igi iwájú lé e. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sídìí rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan tó kún fún yanrìn lábẹ́ ìdí ìbọn kò ní í jìnnà sí ẹni tó ra gbogbo irin tó wà níta.

Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríngì kò sí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń mì síwájú àti sẹ́yìn kí ọta tó jáde, kò sì fẹ́ràn ohun líle lábẹ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tí a là sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lé, kí àtẹ́lẹwọ́ wà lórí àpò, kẹ́ ẹ má sì dì í mú.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ wo inú ìbọn, kẹ́ ẹ tún un wò, kó dá yín lójú pé kò sí ọta níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò léwu. Ẹ gbé e lé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ fi àgbélébùú lé àmì, kẹ́ ẹ wá mú ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò. Ẹ di ojú, ẹ mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo inú awò láìfọwọ́ kan ìbọn. Bí àgbélébùú bá ti kúrò, ẹ̀yin lẹ ń gbé ìbọn, kì í ṣe nǹkan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ti ìbọn sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, kẹ́ ẹ dá a padà. Ó yẹ kó yọ̀ gbọọrọ láìfà sápá kan, kí àgbélébùú sì padà sí tòsí ibi tó wà. Férémù tó kún fún ẹrù kì í yege ìdánwò kejì yìí. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì láìsí àpò ẹ̀yìn kì í yege àkọ́kọ́.

Ẹ ti tábìlì náà wò. Ìgbébọnlé tó dáa jù lọ lórí tábìlì tó ń mì, owó ló ṣòfò. Bí tábìlì kò bá dúró, ilẹ̀ dúró.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 25, níbi tí òkìtì tó ga tó sì nípọn wà lẹ́yìn àmì. Lára ìbọn tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé fà yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ wo àmì láti inú ọ̀pá, ẹ fi àpò mú un dúró bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí awò títí àgbélébùú á fi bá a níbẹ̀. Ibí ni ìgbébọnlé ti ń sanwó ara rẹ̀ padà, nítorí ọwọ́ lásán kò lè di ìbọn mú nígbà tí ọwọ́ kejì ń yí awò. Ní mítà 25, kílíìkì kan kì í ju nǹkan bí mìlímítà 2 lọ, nítorí náà ẹ má ṣahun.

Ní mítà 100, ẹ yin mẹ́ta, kí ọ̀pá tutù, kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun. Ọ̀pá ìbọn ọdẹ tín-ín-rín, bó bá gbóná, ó lè máa gbé ihò kiri, ẹni tó ń sáré á sì máa fi awò lé ooru kiri. Ẹ wá àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà 7 wà nísàlẹ̀, awò tí kílíìkì rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin MOA fẹ́ nǹkan bíi 10. Èyí tó jẹ́ 0.1 mil (ìwọ̀n igun mìíràn) fẹ́ 7, nítorí sẹ̀ǹtímítà 1 ni tirẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ kó àpò kúrò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tutù pátápátá, kẹ́ ẹ wá yin mẹ́ta láti orí ohun tẹ́ ẹ máa gbé ìbọn lé nínú igbó gan-an, ì báà jẹ́ ẹrù ẹ̀yìn, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lórí koríko. Bí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣù jọ ṣùgbọ́n tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sún kúrò níbi tí àpò gbé wọn sí, ẹ tún un yìn kó dá yín lójú, kẹ́ ẹ sì yí awò tẹ̀ lé ti igbó.